Ọjọ́ Mẹ́rìnlá: Bí Àlejò Ṣe Di Àjèjì ní Gánà

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá láti Amẹ́ríkà. Ó ní òun ń bá ìyá arúgbó kan ka fọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi gba ìwé ìgbélùú fún un, òun wá dé ibi ọ̀rọ̀ kan, ó há òun lọ́fun. Ọ̀rọ̀ náà ni "alien". Ó ní ṣé "àlejò" ni kí òun pè é fún ìyá ni àbí "àjèjì"? Ẹ ò rí i pé ìbéèrè tó yẹ kí n fi ìlà kan dáhùn nìyẹn. Àmọ́ mo jókòó tì í fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí pé nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè lásán. Òun ló kó bàbá mi wálé láti Gánà ní ọdún 1969.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ọ̀fà, ẹ̀yin ará Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, agbo ilé wo ni kò ní "Bàbá Kùmásí" tàbí "Ìyá Tàmálè"? Àwọn èèyàn wa ti ń ná ọjà ibẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa. Aṣọ ni wọ́n ń tà, àti abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, àwo, gbogbo wọ́síwọsì tí ẹ bá lè rò. Ẹni tó bá rí ìsọ̀ gbà á ránṣẹ́ pe àbúrò, àbúrò náà á wá mú ìyàwó lọ. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gánà ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 100,000, gbogbo Gánà pátá kò sì tó mílíọ̀nù méje nígbà náà.

Ọdún 1937 ni bàbá tiwa lọ, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Òyìnbó kan náà ló ń ṣe ìjọba níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, Gold Coast ni wọ́n ń pè é. Bàbá ní òun kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí òun tó gbéra, ẹnikẹ́ni kò sì bi òun ní ìwé nígbà tí òun dé. Ohun tí òun mú dání ni orúkọ ẹni tí òun fẹ́ wọ̀ sí lọ́dọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ bá mi dì mú: "wọ̀ sí". Ní ilẹ̀ wa, bí ojú tuntun bá wọ ìlú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé, "Ilé ta lo wọ̀ sí?" Ìbéèrè ímígírésọ̀n ni ìbéèrè yẹn, ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú. Onílé tí ó bá dárúkọ ni yóò jẹ́ oníduùró fún un. Bó bá jalè, onílé ni wọ́n máa pè. Bó bá kú, onílé ni yóò ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀. Ẹni tó ti rí onílé, àlejò ni, àní bó lo ogójì ọdún. Ẹni tí kò rí ẹni dárúkọ, àjèjì nìyẹn. Mo mọ̀ pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan, àmọ́ ẹ fi etí sí bí àwọn àgbà ṣe ń lò ó. A máa ń sọ pé "àlejò mi". Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé "àjèjì mi".

Gánà kò yàtọ̀. Bí àwọn Hausa ti ní Sábó ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará òkè, Hausa, Mossi, Yorùbá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ní Zongo ní Kùmásí àti láwọn ìlú mìíràn. Àwọn Yorùbá ní olórí tiwọn, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ sì ní orúkọ tí wọ́n ń pè wá. Àwọn kan ń pè wá ní Anago, àwọn kan ń pè wá ní Lagosian, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò dé Èkó rí láyé wọn. Ní Accra àti ní Kùmásí, Alata ni. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti máa sọ pé torí pé a ń ta ata ni. Ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àdúgbò Alata wà ní etí òkun Accra láti ayé àwọn òyìnbó tó kọ́ odi James Fort ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn, ibi tí àwọn onímọ̀ sì ń tọ́ka sí ni Allada, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Orúkọ ìlú kan ló wá kárí gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà ìlà-oòrùn wá. Títí di òní, ọṣẹ dúdú tiwa yìí, "alata samina" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ìyẹn ni pé ọṣẹ àwọn Alata.

Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957. Ìyá mi sọ fún mi pé àwọn jó lójú títì pẹ̀lú àwọn onílé mọ́jú ni. Òfin jíjẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn kò sí nínú ijó náà. Òfin yẹn kò gbà pé kí wọ́n kàn bí èèyàn sí Gánà ti tó. Ó gbọ́dọ̀ ní òbí tàbí òbí àgbà kan tí wọ́n bí síbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ní ọdún 1950, tí bàbá àti ìyá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo di ọmọ ìlú mìíràn nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní, mi ò tilẹ̀ mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni òfin ọdún 1963 lórí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Gánà. Nkrumah ló wà lórí àléfà. Ọdún yẹn gan-an ni òun àti àwọn olórí Áfíríkà yòókù pàdé ní Addis Ababa láti dá ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀. Òfin náà ní kí àjèjì ní ìwé ìgbélùú. Àmọ́ òfin náà sùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìyá tó ń ta abẹ́rẹ́ lọ́jà, ìyá náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní in. Ọdún mẹ́fà ni òfin fi sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ òkèèrè, ẹ bá mi ṣọ́ irú òfin báyìí. Èyí tó ń pariwo kò léwu tó èyí tó ń hanrun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ni wọ́n jí i. Ìjọba Kofi Busia kò tíì pé oṣù méjì. Wọ́n kéde lórí rédíò pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a ní láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Ìyẹn já sí ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Ebi ààwẹ̀ lọ́pọ̀ nínú wọn fi tò sórí ìlà.

Ọ̀rọ̀ Busia yìí ti ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ṣọ́jà tó fi ìbọn gbàjọba. Ọ̀mọ̀wé ni, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àwùjọ ẹ̀dá, tó kọ ìwé lórí oyè jíjẹ ní ilẹ̀ Asante. Láti ọdún 1959 tó ti sá fún Nkrumah títí wọ́n fi lé Nkrumah kúrò ní 1966, ilẹ̀ onílẹ̀ ló wà, ní Netherlands àti ní Bìrìtìkó. Òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbé lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn. Mi ò sọ pé ọkàn rẹ̀ burú o. Iṣẹ́ wọ́n, gbèsè wà nílẹ̀, àwọn oníṣòwò Gánà sì ń ráhùn pé àwọn àlejò ti gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́, ìráhùn wọn kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ dé ọjà Tàmálè nígbà náà, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá?

Ìlú kékeré kan lójú irin tó gba Kùmásí kọjá ni bàbá ń gbé. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojò kò jẹ́ ká jáde. Ó ní òun wọ agbádá lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kẹrin. Òun kó rìsíìtì owó ìsọ̀ ọdún mọ́kànlélógún dání, nínú àpótí onípáànù. Onílé òun, àgbàlagbà ọmọ Asante kan, tẹ̀ lé òun. Wọ́n tò láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó kàn wọ́n, ọmọdékùnrin kan tó lè bí ní ọmọ ló jókòó síbẹ̀, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi òun pé pásípọ́ọ̀tù dà.

Bàbá mi kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Twi ló fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìró ohùn lọ́dọ̀ mi, ẹ rántí bí mo ṣe máa ń sọ pé ẹnìkan wà tó ń pa òwe Twi bí ọmọ bíbí ibẹ̀, tí mi ò sọ ẹni náà. Òun ni. Ọmọkùnrin náà gbọ́ Twi dáadáa, èdè ìyá rẹ̀ ni, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ló tún fi dá a lóhùn. Ni onílé bá bọ́ síwájú. Ó sọ fún un ní Twi pé "ɔhɔhoɔ" òun ni bàbá yìí.

Ọ̀rọ̀ Twi yẹn dọ́gba pẹ̀lú "àlejò" tiwa pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tí a kò bí sí ìlú ni, ẹni tí a gbà sílé sì ni. Ohun tí onílé ṣe lọ́jọ́ náà ni ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ayébáyé: ó dúró fún àlejò rẹ̀ níwájú àwọn aláṣẹ. Àmọ́ lórí fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì, kò sí àyè kankan tí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ onílé sí. Àyè orúkọ wà, àyè ìlú tí wọ́n ti bí ọ wà, àyè nọ́ḿbà pásípọ́ọ̀tù wà. Ọ̀rọ̀ tó sì wà lórí rẹ̀ ni "alien". Ọmọkùnrin náà kò fìwọ̀sí kan ẹnikẹ́ni, bàbá tẹnu mọ́ ìyẹn. Ó kàn ní kí wọ́n lọ gba pásípọ́ọ̀tù wá, ó sì pe ẹni tó kàn.

"Kí n tó rí ìwé ìgbélùú, mo gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù. Kí n tó rí pásípọ́ọ̀tù, mo gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Kí ni mo fẹ́ fi hàn? Ilà ojú mi yìí ni pásípọ́ọ̀tù mi, àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí." Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ìyẹn. Ó lọ sí Accra, ó sun ìta fún òru méjì láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó fi máa dé, ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Ilé-ìwé ni mo wà ní Ìbàdàn. Ogun Biafra kò tíì parí, ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ni, ìyẹn ni pé ilé tí wọ́n ń lé wọn bọ̀ kò fara rọ. Lọ́rí wọn gba Lomé, gba Dàhòmì, wọ Ìdí-Ìrókò, ẹrù lókè, èèyàn lórí ẹrù. Àwọn tó fi Gánà sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan: Hausa wà níbẹ̀, Mossi wà níbẹ̀, Zabarma wà níbẹ̀, ará Tógò wà níbẹ̀. Oko kòkó pàápàá pàdánù àwọn alágbàṣe. Ní 1970, wọ́n tún ṣe òfin míì tó fi ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, kí ẹni tó bá ń rò pé òun á yí padà lè mọ̀ pé kò sí ìsọ̀ mọ́.

Àpótí méjì ni bàbá gbé wálé. Gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn àbúrò mi obìnrin méjì ń sọ Twi sí ara wọn ní àgbàlá, àwọn ọmọ agbo ilé wá ń pè wọ́n ní "ọmọ Gánà". Ọdún méjì gbáko ni orúkọ yẹn fi wà lára wọn.

Mo fò díẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, èmi náà wà ní Amẹ́ríkà níbi tí mo ti ń ka ìwé ọ̀mọ̀wé mi. Nígbà náà, gbogbo oṣù Kìíní ọdún ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba káàdì kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí i, kí ìjọba lè mọ ibi tó ń gbé. Ọdún 1981 ni wọ́n tó fòpin sí i. Kò le rárá, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọ̀rọ̀ yẹn lórí káàdì, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi wúkọ́. Ọdún 1979 ni Niara Sudarkasa tẹ àròkọ rẹ̀ jáde lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní Gánà. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, òun náà ló ti ṣe ìwádìí ní Awẹ́ lórí iṣẹ́ àwọn obìnrin Yorùbá. Àkọlé rẹ̀ ni "From Stranger to 'Alien'". Mo kà á tán nínú láíbìrì, mo sì rí i pé onímọ̀ yìí ti rí ohun tí bàbá mi rí lórí tábìlì ọmọkùnrin yẹn: èèyàn kò kúrò níbi tó wà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè é ló kúrò.

Ibi tó kù yìí kò rọrùn fún mi láti sọ. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wa kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé fi Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì ní títí di ọjọ́ 31. Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ará ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ìjọba wa ní àwọn tí àwọn ń lé ti kọjá 90 ọjọ́. Òótọ́ ni. Òfin wà, òun náà ti ń sùn láti ìgbà tí owó epo ti ń wọlé. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, ọjọ́ 29 ni wọ́n tó ṣí i, èrò sì há sí Benin àti Èkó. Ẹ mọ orúkọ tí báàgì onígun mẹ́rin yẹn ń jẹ́ títí dòní.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Gánà, ọdún mẹ́fà ló ti wà níbẹ̀. Òun ló rán aṣọ ìkómọ àkọ́bí mi. Ó wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní kí n bá òun lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí n lọ sọ pé mo mọ òun. Olùkọ́ yunifásítì ni mí, wọ́n á gbọ́ tèmi. Mo sọ fún un pé mo ní ìwé ìdánwò láti máàkì. Mo ní ìwé ìdánwò lóòótọ́. Mo sì tún mọ̀ pé wọn ò ní gbọ́ tèmi, torí mo mọ irú fọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀. Àmọ́ onílé bàbá mi náà mọ̀, ó sì lọ.

Bàbá wà lọ́dọ̀ mi lásìkò yẹn. Ó gbọ́ ohùn télọ̀ náà láti yàrá, ó jáde sí i, ó kí i ní Twi. Mo rí bí ojú ọkùnrin yẹn ṣe yí padà. Bàbá bi mí pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wọn. Mo ní mẹ́rìnlá.

"Mẹ́rìnlá náà ni?" Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ nǹkan kan sí mi lórí ìwé ìdánwò. Ní òwúrọ̀, òun àti télọ̀ náà jọ lọ, bàbá wọ agbádá. Wọ́n dé lọ́sàn-án, ohun tí mo rò náà ló ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà lọ ní ọjọ́ 27. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò gbé e, ó gbé e sílẹ̀ sínú yàrá bàbá, kò sì padà wá gbà á.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi tó kọ̀wé sí mi, "àjèjì" ni kí o pè é fún ìyá yẹn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ ògbufọ̀ sì ni pé ká sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Ẹ̀yin yòókù, bí ìwé bàbá tàbí ìyá yín láti Gánà bá ṣì wà nínú àpótí, rìsíìtì ọjà o, káàdì ẹgbẹ́ o, ìwé ìgbélùú tí wọ́n rí gbà lọ́jọ́ kẹtàlá o, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má sun wọ́n. Ẹ ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ wo ohun tí wọ́n kọ sí àyè tí wọ́n ti ń bèèrè iṣẹ́ wọn.